Irin Ìgbáròkó Mi Wọlé, Èmi Ṣẹ́kù Síta

Ẹ fara balẹ̀, ẹ jẹ́ kí n rọ́ àlá tí mo lá lóru àná fún yín kó tó pòórá mọ́ mi lójú. Ẹ̀yin tí ẹ wà nílé, tí ẹ ń jí tí ẹ ń rí ara yín, ẹ lè fi mí rẹ́rìn-ín, kò burú.

Mo wà nínú ọkọ̀ òfuurufú, mò ń lọ sílé wa ní Ìgbájọ. Ẹ ṣáà mọ̀ pé ìgbáròkó mi ọ̀tún kì í ṣe egungun mọ́. Irin kan tí wọ́n ń pè ní taiténíọ̀mù ni àwọn dókítà Mánṣẹ́sítà níbí fi rọ́pò rẹ̀. Bí a ṣe gbéra ni ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ náà ké láti ìta pé, "Àbúrò! Ṣé ìwọ nìyẹn?"

Ìgbáròkó mi dá a lóhùn láti inú ṣòkòtò mi: "Èmi ni o, ẹ̀gbọ́n mi! Ẹ kú iná."

Ni gbogbo ohun tí irin yẹn wà lára wọn nínú ọkọ̀ bá ń kí ara wọn. Férémù awò ojú obìnrin tó jókòó tì mí ní ó ti pẹ́ jù, pé àtìgbà tí àwọn ti jọ wà nínú iyanrìn dúdú etí òkun ni àwọn ti ríra mọ. Ìṣó kékeré tó di eyín bàbá kan mú mọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ ń pariwo pé, "Ẹ̀yin ará mi, ẹ ò dípẹtà rí!" Ọ̀dà ara ọkọ̀ náà ní ọmọ ìyá wọn lòun, pé lúbúlúbú wọn ló mú òun funfun báyìí, òun kan náà ló sì wà nínú ọṣẹ ìfọyín.

"Ìwọ bàbá yìí ńkọ́?" ẹ́ńjìnnì bi mí. "Ta lèèyàn tìrẹ níbí?"

Mo wò yíká. Mo ní, "Ìgbáròkó mi ni mo bá wá."

"Ẹ má dá a lóhùn," ìgbáròkó mi ní. "Kì í rí ẹni bá sọ̀rọ̀. Èmi nìkan ni a jọ ń gun àtẹ̀gùn."

N kò bínú. Òótọ́ ló sọ.

Ẹnu ọ̀rọ̀ yẹn la wà tí ọkọ̀ fi di ọ́fíìsì, tó léfòó sókè Ìgbájọ, tí wọ́n fi okùn so mọ́ igi ọsàn kan kó má baà fò lọ. Aṣọ́bodè kan jókòó nídìí tábìlì.

"Bàbá, kí lẹ fẹ́ wọlé wá ṣe?"

"Yàrá mi ni mò ń lọ, nínú ilé bàbá mi. Ibẹ̀ ni mo fẹ́ kú sí."

Ó mi orí. "Ẹ mọ bí a ti ń ka àgbà láàrin ìyàwó ilé: ọjọ́ tí kálukú wọlé là ń kà, kì í ṣe ọjọ́ tí wọ́n bí i. Ẹ̀yin ti jáde. Ọjọ́ tí ẹ bá padà wọlé la ó ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ka tiyín. Gbogbo ẹni tó wà ńlé ti di ẹ̀gbọ́n yín. Ẹ ó dọ̀bálẹ̀, wọn ó ní kí ẹ dìde, nígbà náà lẹ tó ní yàrá."

Bó ti ń sọ̀rọ̀ ni irùngbọ̀n rẹ̀ ń gùn. Ìwo yọ, ó di òbúkọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ etí tábìlì. Mo ní, "Ẹ ṣeun, sà." Ó ní kò tọ́pẹ́.

Ó jẹ tábìlì yẹn títí, ó ku ẹnu ọ̀nà ilé bàbá mi. Àbẹ̀jẹ́, ọmọ ọmọ àbúrò mi, tí kò tí ì hu eyín, jókòó sójú ọ̀nà.

"Ta nìyẹn?"

"Èmi Akínlàjà ni, mà."

"Akínlàjà tó máa ń juwọ́ sí wa nínú fóònù? O ga jù! Àtẹ́lẹwọ́ ni Akínlàjà tiwa ń gbé. Ó yá, dọ̀bálẹ̀ ká wò ó."

Mo gbìyànjú. Ìgbáròkó kò tẹ̀. Mo ní, "Ẹ forí jì mí, mà, irin ni kò jẹ́."

"Àwáwí! Gbogbo ará òkè òkun, irin ni kì í jẹ́ kí wọ́n dọ̀bálẹ̀."

Ìgbáròkó mi mí kanlẹ̀. "Ẹ jẹ́ kí n bá yín ṣe é, Bàbá." Ó yọ́ jáde lẹ́nu ṣòkòtò, ó na gbalaja síwájú ọmọ náà, ó ń dán. Àbẹ̀jẹ́ fọwọ́ bà á lẹ́yìn: "Káàbọ̀, ọmọ wa. Ó fúyẹ́, ó sì le. Dìde."

Ó dìde, ó wọlé. Wọ́n ti ìlẹ̀kùn. Mo ń gbọ́ ìró odó, mò ń gbọ́ tí wọ́n ń fi oríkì mi kí i: "Àkànní o! Àkànní dé!" Mo dúró lórí ẹsẹ̀ kan, mo kan ìlẹ̀kùn.

"Ta ló tún wà níta?" ẹnì kan béèrè.

Ìgbáròkó mi dáhùn láti inú ilé: "N kò fi bẹ́ẹ̀ mọ̀ ọ́n. A kàn jọ ń gun àtẹ̀gùn ni."

Mo jí. Mo ti yọ̀ bọ́ lórí bẹ́ẹ̀dì, mo dojú bolẹ̀ lórí kápẹ́ẹ̀tì, àyà mi kan ilẹ̀, ẹsẹ̀ méjèèjì nà gbọọrọ. Irin mi wà níbi tó ń wà. Kò dùn mí rárá. Ilẹ̀ ti mọ́. Ẹ̀rọ tó ń mú ilé gbóná ń rọra kùn. Mo wà níbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, bí wọ́n ṣe kọ́ wa láti kékeré, mò ń dúró de ẹni tí yóò ní kí n dìde.