Páìpù Àárín Òkè àti Ìsàlẹ̀

Ọlọ́runlékè ń fi rọ́bà pa ìṣirò rẹ́ bí ẹni ń ha ìdí ìkòkò, títí bébà fi lu.

"Ẹ̀gbọ́n, okun o," ni Moses kí i láti ìdí tábìlì kejì. "Bébà kọ́ ló ṣẹ̀ yín."

"Ìwọ ló ṣẹ̀ mí. Bébà ló sún mọ́ mi."

Ọmọ àdúgbò Òkè ni Ọlọ́runlékè, ọmọ àdúgbò Ìsàlẹ̀ ni Moses. Àwọn ni Ẹnjiníà ní kí wọ́n ṣírò bí omi yóò ṣe pín nínú páìpù tí ó fẹ́ rì sí ìlú wọn. Páìpù kan yóò yí Òkè ká bí òrùka, òmíràn yóò yí Ìsàlẹ̀ ká, ọ̀kan ṣoṣo láàárín yóò sì jẹ́ ti àwọn méjèèjì. Wọn á fojú bu iye omi inú páìpù kọ̀ọ̀kan, wọn á wá àṣìṣe rẹ̀, wọn á tún un ṣe, wọn á tún bẹ̀rẹ̀. Ó yẹ kí àṣìṣe máa kéré títí yóò fi tán. Tiwọn ń fò síwá sẹ́yìn bí ewúrẹ́ ìdí èèkàn. Bí kò bá rọlẹ̀ kó tó di Jímọ̀, Ẹnjiníà yóò kó páìpù lọ sí ìlú Ponyan.

Ọlọ́runlékè fa bébà Moses mọ́ra. Ó yọ ṣùtì.

"Ta ló ní Ìsàlẹ̀ ni omi páìpù àárín ń lọ?"

"Ibo ni kó lọ? Omi kì í gun òkè."

"Tinú páìpù ń gùn ún, òpè."

"Òkè lẹ̀yin kọ ní tiyín, àbí?"

Ọlọ́runlékè to bébà méjèèjì síra wọn. Omi kan náà ni wọ́n dà síhà méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Kí ẹnì kan kọ àmì ìyọkúrò sí iye tirẹ̀, ó parí; ọ̀nà tí omi gbà ni àmì náà ń sọ, kò dín omi ẹnikẹ́ni kù. Bí omi kò bá sì gba ibẹ̀, ìṣirò fúnra rẹ̀ yóò tún ọ̀nà rẹ̀ ṣe.

"Kọ ọ́," ni ó wí.

"Kí wọ́n ní mo ta omi Ìsàlẹ̀? Ẹ̀yin ni àgbà, ẹ kọ ọ́."

Ọlọ́runlékè rántí Yéjídé ìyàwó rẹ̀, tó ń ti odò gbé omi gun òkè láràárọ̀ pẹ̀lú oyún nínú. Ó rántí àwọn àgbà Òkè, tí wọn kò mọ àmì kankan, tí wọn yóò sì béèrè ẹni tó yọ omi wọn kúrò. Kedere ni ó rí gbogbo wọn. Ó wo Moses. Kí ó gbà fún èyí ló burú jù.

Ó fi pẹ́ńsù sílẹ̀, kò kọ àmì náà.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, Ẹnjiníà wo bébà méjèèjì, ó dá wọn padà sórí tábìlì, ó sì pe dírẹ́bà. Lọ́rì kó páìpù, ó gba ọ̀nà Ponyan lọ.

Kòtò tí wọ́n ti gbẹ́ sílẹ̀ fún páìpù àárín ló kù láàárín Òkè àti Ìsàlẹ̀.