Ìgbà Rosendo Nídìí Ẹ̀rọ

"Jókòó kí n tó yí ọkàn padà," ni Rosendo wí, ó sì dìde lórí àga iwájú ẹ̀rọ.

Nereida rò pé ó ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Yàrá ìwádìí kan náà làwọn méjèèjì ti ń ṣiṣẹ́ oyè ọ̀mọ̀wé ní yunifásítì kan nílùú Durango, àmọ́ wọn kì í bára wọn sọ ju ẹ káàárọ̀ lọ. Ẹyọ kan ṣoṣo ni ẹ̀rọ tó ń fi ohun tójú ò lè rí hàn. Ẹni tí ìgbà rẹ̀ bá kọjá, ó doṣù tó ń bọ̀. Ti Nereida ti kọjá, torí ọsibítù ló wà nídìí ìyá rẹ̀ tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún. Bẹ́ẹ̀, lọ́jọ́ Ẹtì làwọn olùdánwò fẹ́ rí iṣẹ́ rẹ̀.

Ní abúlé àwọn Nereida, májèlé inú àpáta máa ń wọ omi kànga. Òun ló ba awọ ara bàbá rẹ̀ jẹ́ títí ó fi kú. Nereida wá ń fi èérún irin tó kéré ju eruku lọ sára aṣọ asẹ́, kí wọ́n lè máa gba májèlé náà mú. Àmọ́ bí èérún wọ̀nyí bá ṣù pọ̀, asán ni gbogbo rẹ̀, ẹ̀rọ yẹn nìkan ló sì lè fi hàn bóyá wọ́n ṣù pọ̀.

"Iṣẹ́ tìẹ ńkọ́?" ni Nereida bi í.

"Tèmi lè dúró. Òùngbẹ kì í dúró."

Rosendo ló bá a ki aṣọ náà bọ ẹ̀rọ. Nígbà tí àwòrán yọ, èérún irin tò sára òwú lọ́kọ̀ọ̀kan bí ìrì lára koríko. Ọ̀kan ò lẹ̀ mọ́ èkejì. Nereida bú sẹ́kún.

Lẹ́nu Dókítà Eulalia, olùkọ́ wọn, ló ti gbọ́ ìyókù: ọjọ́ yẹn ni Rosendo ì bá fi parí iṣẹ́ tó fẹ́ gbé lọ sí ìpàdé ní Brazil. Kò ní lè lọ mọ́. Kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni.

Lọ́jọ́ Ẹtì, Nereida yege. Ó pe ìyá rẹ̀ látẹnu ọ̀nà yunifásítì, ó rò fún un látòkè délẹ̀.

"Kí lorúkọ ìyá tó bí ọmọ yẹn?" ni ìyá rẹ̀ bi í. "Mo fẹ́ fi sádùúrà."

Nereida ò mọ̀ ọ́n. Látọjọ́ tí wọ́n ti jọ wà, kò béèrè rí. Ó ní kí ìyá òun má tíì gbé fóònù sílẹ̀, ó yí padà, ó sì gun àtẹ̀gùn lọ bá Rosendo.