Ṣẹ́ẹ̀tì Tí Kò Ní Nọ́mbà

Ọdún méjìlélógún ni obìnrin tí wọ́n ń pè ní Ojú Àwòdì ti ń jókòó sídìí tábìlì ayẹ̀wò ní ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń rán ṣẹ́ẹ̀tì àwọn ọmọ ilé ìwé. Kò sí ṣẹ́ẹ̀tì tó jáde níbẹ̀ tí kò gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá. Yóò yí kọ́là sódì, yóò fa abẹ́ apá wò bóyá ojú rírán á là, yóò fi àtàǹpàkò ti bọ́tìnnì kọ̀ọ̀kan, yóò wá gbé etí ìsàlẹ̀ aṣọ sí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé. Bí ó bá dára, á jù ú sápá ọ̀tún. Bí kò bá dára, á fi ṣọ́ọ̀kì pupa fa ìlà lé e lẹ́yìn, á jù ú sápá òsì, kò sì sí ẹni tó jẹ́ bá a jiyàn. Bàbá tó dá ilé iṣẹ́ náà sílẹ̀ ló sọ ọ́ ní Ojú Àwòdì kó tó kú, ọmọ rẹ̀ tó jogún ilé iṣẹ́ náà, tó wá di ọ̀gá, sì gba orúkọ yẹn lẹ́nu bàbá rẹ̀. Ó dùn mọ́ obìnrin náà ju orúkọ tí àwọn òbí rẹ̀ fún un lọ.

Ìlà ẹ̀rọ méjì ló wà nínú gbọ̀ngàn ìránṣọ. Àwọn tó wà ní ìlà kìíní ti pẹ́ níbẹ̀. Nọ́mbà wọn bẹ̀rẹ̀ láti oókan dé ogún. Ìlà kejì ni ti àwọn obìnrin tó wá láti òdìkejì odò ní ohun tó lé lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, nígbà tí ilé iṣẹ́ tiwọn lọ́hùn-ún ti ilẹ̀kùn pa. Nọ́mbà tiwọn bẹ̀rẹ̀ láti oókànlélógún dé ogójì. Olúkúlùkù a máa fi abẹ́rẹ́ há nọ́mbà rẹ̀ mọ́ kọ́là ohun tó bá rán.

Èdè kan náà ni gbogbo wọn ń sọ, ẹni tí kò bá mọ̀ wọ́n kò sì lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Ṣùgbọ́n láti kékeré ni Ojú Àwòdì ti ń gbọ́ lẹ́nu ìyá rẹ̀ pé ọwọ́ àwọn ará òdìkejì odò yá jù, pé wọn a máa kánjú ṣe nǹkan, wọn a sì fi àbùkù rẹ̀ sílẹ̀ fún ẹlòmíràn láti tún ṣe. Kò kórìíra wọn. Ó ti bá wọn sunkún òkú, ó ti bá wọn pọn ọmọ. Ó kàn mọ̀ bẹ́ẹ̀ ni, bí èèyàn ṣe mọ̀ pé òjò á rọ̀ bí ojú ọ̀run bá ṣú.

Nọ́mbà kẹrìnlélọ́gbọ̀n ni obìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Jẹ́jẹ́, nítorí pé kò gbé ohùn sókè rí. Òfin ilé iṣẹ́ ni pé àwọn tí iṣẹ́ wọn bá pọ̀ jù nínú èyí tí wọ́n kọ̀ fún oṣù mẹ́ta léraléra yóò lọ. Ní Ọjọ́rú kan, wọ́n lẹ ìwé mọ́ ara ògiri. Èèyàn márùn-ún ni yóò fi iṣẹ́ sílẹ̀ ní ọjọ́ Ẹtì. Láti ìlà kejì ni gbogbo wọn, Jẹ́jẹ́ ló sì ṣíwájú.

Nígbà ìsinmi ọ̀sán, tí àwọn yòókù ti jáde lọ jẹun, Jẹ́jẹ́ wá síwájú tábìlì ayẹ̀wò pẹ̀lú ṣẹ́ẹ̀tì méjì lọ́wọ́.

"Ẹ kú iṣẹ́, mà. Mo fẹ́ bi yín ní nǹkan kan."

"Máa wí."

"Ẹ jọ̀ọ́, kí ló ṣe èyí?" Ó tẹ́ ọ̀kan sílẹ̀. Ìlà pupa wà lẹ́yìn rẹ̀.

Ojú Àwòdì wò ó fìrí. "Kọ́là rẹ̀ wọ́."

"Èyí ńkọ́?" Ó tẹ́ èkejì sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. "Nọ́mbà kẹfà ló rán an. Ẹ gbà á wọlé lánàá. Mo fi téèpù wọn kọ́là méjèèjì, mà. Bí ọ̀kan ṣe wọ́ náà ni èkejì wọ́."

"Ṣé ìwọ lo fẹ́ kọ́ mi níṣẹ́ báyìí?"

"Rárá o, mà. Mi ò sọ pé ẹ purọ́ mọ́ mi. Ohun tí mò ń bẹ̀ yín fún ni pé kí ẹ tú nọ́mbà kúrò lára wọn, kí ẹ tún wọn yẹ̀ wò. Bí tèmi bá ṣì burú, màá kó ẹrù mi, mi ò ní dúró de ọjọ́ Ẹtì."

Kò sunkún, kò kúnlẹ̀. Ó ká ṣẹ́ẹ̀tì méjèèjì dáadáa, ó fi wọ́n sórí tábìlì, ó sì padà sídìí ẹ̀rọ rẹ̀. Ìfarabalẹ̀ yẹn ló bí Ojú Àwòdì nínú jù. Ká ní obìnrin náà pariwo ni, ìbá rọrùn láti lé e.

Nígbà tí Ojú Àwòdì délé, ó rò ó fún ọkọ rẹ̀. Olùkọ́ ni ọkùnrin náà kó tó fẹ̀yìn tì.

"Ojú tí mo fi ń jẹun láti ọdún méjìlélógún," ó ní, "òun ni ọmọ yẹn fẹ́ dán wò."

Ọkọ rẹ̀ kò gbé ojú kúrò lára bàtà tó ń kùn. "Nígbà tí a máa ń máàkì ìdánwò àṣekágbá, a kì í jẹ́ kí orúkọ ọmọ wà lórí ìwé."

"Nítorí àwọn olùkọ́ tó ń gba ẹ̀bùn ni."

"Nítorí àwa tí a kì í gbà á ni. Ẹni tó ń gba ẹ̀bùn mọ ohun tó ń ṣe. Èmi gan-an ti fún ọmọ kan ní máàkì tí kò tọ́ sí i rí, torí pé orí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pé. Mi ò mọ̀ pé mo ṣe é títí ẹlòmíràn fi tún ìwé náà máàkì."

"Ẹ ń fi mí wé ara yín."

"Mò ń fi ẹ́ wé èèyàn ni."

Ìyàwó rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kó abọ́ oúnjẹ jọ. Kó tó gbé wọn kúrò nílẹ̀, ó ti pinnu. Òun yóò ṣe ohun tí Jẹ́jẹ́ ní kí òun ṣe, kí ẹnu gbogbo wọn lè pa dé lẹ́ẹ̀kan náà.

Ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, ó dé ibi iṣẹ́ kí aago tó lù. Ó pe ọkùnrin tó ń di ẹrù, ẹni tí kì í sọ ju ọ̀rọ̀ mẹ́ta lọ lójúmọ́.

"Bá mi kó ọgọ́ta ṣẹ́ẹ̀tì wá nínú èyí tí mo yẹ̀ wò lánàá àti níjẹta. Ọgbọ̀n láti ìlà kìíní, ọgbọ̀n láti ìlà kejì. Tú nọ́mbà wọn, gbọn ṣọ́ọ̀kì wọn nù, dà wọ́n pọ̀. Kọ ẹni tó rán ọ̀kọ̀ọ̀kan sínú ìwé rẹ bí o ṣe tò wọ́n, àti ohun tí mo ti sọ nípa rẹ̀. Má jẹ̀ẹ́ kí n rí i."

"Ó dáa, mà," ni ọkùnrin náà wí, ọ̀rọ̀ mẹ́ta tòní sì pé.

Ojú Àwòdì bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó kan ṣẹ́ẹ̀tì kẹta, ó ṣàkíyèsí pé ojú òun ti lọ sí kọ́là kí ọwọ́ òun tó kàn án. Ibi tí nọ́mbà máa ń wà ló ń wò. Kò sí nǹkan níbẹ̀. Kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ibẹ̀ ni òun máa ń kọ́kọ́ wò. Ó mí kanlẹ̀, ó sì tún bẹ̀rẹ̀ láti orí ti àkọ́kọ́. Ó wo ọgọ́ta ṣẹ́ẹ̀tì yẹn tinú tẹ̀yìn, ó fi ìka tọ gbogbo ojú rírán, bí ìgbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ iṣẹ́.

Nígbà tó parí, ọkùnrin náà ka ìwé rẹ̀ fún un. Ní àkọ́kọ́, mẹ́rin péré ló kọ̀ nínú ti ìlà kìíní, mẹ́tàlá ló kọ̀ nínú ti ìlà kejì. Lónìí, ó kọ mẹ́jọ nínú ti ìlà kìíní, ó kọ méje nínú ti ìlà kejì. Nínú ṣẹ́ẹ̀tì Jẹ́jẹ́ márùn-ún tó ti fa ìlà pupa lé lẹ́yìn, mẹ́rin wà lápá ọ̀tún.

"Tún wọn dà pọ̀," ó ní.

Lọ́sàn-án, ó tún wọn yẹ̀ wò. Ìyàtọ̀ ṣẹ́ẹ̀tì méjì péré ló wà láàárín rẹ̀ àti ti àárọ̀.

Ó jókòó, ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé tábìlì. Ohun tó dẹ́rù bà á ni pé kò purọ́ rí. Gbogbo ìlà pupa tó fà, tọkàntọkàn ló fi fà á. Bí kọ́là ará ilé bá wọ́, á sọ pé ó rẹ ẹni yẹn ni. Bí kọ́là ará òdìkejì odò bá wọ́, á sọ pé bí wọ́n ṣe rí nìyẹn. Ojú tó ń fi yangàn láti ọjọ́ yìí wá, ìyá rẹ̀ ló ń bá a wo nǹkan.

Bó ṣe dìde láti lọ rí ọ̀gá, Nọ́mbà kẹfà dí i lọ́nà. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni láti ìgbà èwe, Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ ni wọ́n ń pè é, torí pé bí rédíò ni ẹnu rẹ̀ rí, ó kàn ṣòro láti pa ni. Ó ti rí gbogbo ohun tó ń lọ.

"Níbo lò ń lọ?"

"Mò ń lọ sọ ohun tí mo rí."

"Wàá fi ẹnu ara rẹ ba iṣẹ́ ara rẹ jẹ́? Ta ló bi ẹ́? Àwọn yẹn á lọ lọ́la, ọ̀rọ̀ á sì tán."

"Kò tíì tán nínú mi."

"Àwa ńkọ́? Bí wọ́n bá yọ nọ́mbà kúrò, ṣé o mọ iye ṣẹ́ẹ̀tì tèmi tí wàá máa dá padà?"

"Mo mọ̀," ni Ojú Àwòdì dáhùn. "Mo ti kà á." Ó sì gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá.

Ó mọ̀ pé bí òun bá kàn lọ sọ ọ́ lẹ́nu, ọ̀gá á ní àárẹ̀ ló mú òun. Nítorí náà, ó kó ṣẹ́ẹ̀tì mẹ́wàá, márùn-ún tí Jẹ́jẹ́ rán, márùn-ún tí Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ rán. Ó há nọ́mbà Jẹ́jẹ́ mọ́ ti Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀, ó há ti Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ mọ́ ti Jẹ́jẹ́, lójú ọkùnrin tó ń di ẹrù. Àwọn méjèèjì jọ wọlé lọ bá ọ̀gá.

"Ọ̀gá, ẹ bá mi yẹ ìwọ̀nyí wò. Ìwé tí wọ́n lẹ̀ sára ògiri ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí."

Abẹ́ ẹ̀rọ ni wọ́n tọ́ ọ̀gá dàgbà, ó mọ iṣẹ́ náà. Kò pẹ́ tó fi parí. Ó ti ṣẹ́ẹ̀tì mẹ́rin sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Ẹ ò rí i, mà? Mẹ́rin nínú márùn-ún ti kẹrìnlélọ́gbọ̀n. Ti kẹfà ò ní wàhálà kankan. Ẹ fẹ́ bẹ̀bẹ̀ fún un ni?"

"Kẹfà ló rán mẹ́rin tí ẹ kọ̀ yẹn. Mo pààrọ̀ nọ́mbà wọn."

Ọ̀gá wo ọkùnrin tó ń di ẹrù. Ọkùnrin náà mi orí pé òótọ́ ni.

"Ẹ tàn mí, mà."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà, ẹ má bínú. Ìṣẹ́jú márùn-ún ni mo fi tàn yín. Ó ti lé lọ́dún mẹ́ta tí èmi ti ń tan ara mi."

Ọ̀gá rìn lọ sídìí fèrèsé, ó rìn padà. Ó ní òun lè fa ìwé náà ya, ṣùgbọ́n kí ni òun fẹ́ sọ fún àwọn òṣìṣẹ́? Bí wọ́n bá gbọ́ pé ayẹ̀wò ò péye, ta ni yóò tún gba ìdájọ́ tábìlì yẹn gbọ́?

"Ẹ fi lé mi lọ́wọ́. Èmi ni mo ṣì í, èmi ni màá sọ ọ́. Láti ọjọ́ Ajé, kí ẹnikẹ́ni má há nọ́mbà mọ́ aṣọ kí n tó yẹ̀ ẹ́ wò tán; inú ìwé ẹni tó ń di ẹrù ni kí orúkọ ẹni tó rán an máa wà. Bí ẹ bá sì rí i pé mi ò yẹ lórí àga ayẹ̀wò mọ́, màá dìde."

"Ẹ jókòó síbẹ̀," ni ọ̀gá wí níkẹyìn. "Ẹni tó mọ ibi tó ti ṣubú dára ju ẹni tí kò tíì mọ̀ lọ."

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, kí wọ́n tó tan ẹ̀rọ, Ojú Àwòdì dúró sáàárín ìlà méjèèjì. Ó sọ gbogbo rẹ̀, kò fi nǹkan kan pamọ́: mẹ́rin sí mẹ́tàlá, mẹ́jọ sí méje. Ó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ìlà kejì, ó ní ọ̀gá ti fa ìwé ara ògiri ya, ẹnikẹ́ni nínú àwọn márùn-ún ò ní lọ. Ìlà kìíní ń kùn. Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ kọjú sí ògiri, kò sì bá a sọ̀rọ̀ fún oṣù méjì gbáko. Ó dun Ojú Àwòdì, ṣùgbọ́n kò yí ohùn padà.

Ẹnikẹ́ni kò pàtẹ́wọ́ ní ìlà kejì. Jẹ́jẹ́ ló kọ́kọ́ fọhùn.

"A gbọ́, mà. Àwọn mẹ́ta tí wọ́n lé nínú wa lọ́dún tó kọjá ńkọ́?"

Ojú Àwòdì ò ronú kan àwọn yẹn. Ó ní, "Júwe ilé wọn fún mi."

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, lẹ́yìn tí ọ̀gá ti ní àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lè padà síṣẹ́, ó wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí òdìkejì odò. Ọ̀kan nínú wọn ti kó lọ sí ìlú mìíràn. Èkejì gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ tán, ó ní òun á padà síṣẹ́ lọ́jọ́ Ajé. Ẹ̀kẹta dá a dúró sẹ́nu ọ̀nà, kò ní kó wọlé.

"Mo ti ta ẹ̀rọ mi," ni obìnrin náà wí. "Ẹ sọ pé iṣẹ́ mi burú títí èmi náà fi gbà á. Bí mo bá gán bọ́tìnnì ọmọ mi, màá tú u, màá tún un gán. Mo ní bóyá lóòótọ́ ni, bóyá ọwọ́ tí Ọlọ́run fún mi nìyẹn."

"Kì í ṣe ọwọ́ rẹ. Ojú mi ni."

"Ó rọrùn láti sọ ọ́ fún èmi nìkan lẹ́nu ọ̀nà níbí. Ìyá ọkọ mi ló máa ń sọ fún àwọn ọmọ mi pé ìyá wọn ò lè rán aṣọ tó gún. Àwọn ọmọ náà wà nínú ilé."

Ojú Àwòdì bọ́ bàtà rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà. "Mú mi wọlé lọ bá wọn," ó ní.

Obìnrin náà ṣí ilẹ̀kùn fún un. Ìyá arúgbó kan jókòó sórí àga nínú pálọ̀, àwọn ọmọ mẹ́ta jókòó sórí ẹní. Ojú Àwòdì kúnlẹ̀ kí ìyá náà, ó jókòó ti àwọn ọmọ lórí ẹní, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀.