Ẹ̀tù Méjì Nínú Ike Kan

"Ẹni tí ìbọn pa bàbá rẹ̀, kí ló tún ń wá nídìí ẹ̀tù?"

Ìbéèrè tí Fúnmi máa ń bi ọkọ rẹ̀ nìyẹn ní gbogbo Sátidé tí Olúṣínà bá ti wọ gáréèjì tó sì tilẹ̀kùn mọ́ra. Ìbéèrè gidi ni, ọkùnrin náà kò sì dá a lóhùn bó ṣe yẹ rí. Á ní eré ìdárayá ni. Á ní ṣebí àwọn kan ń gbá bọ́ọ̀lù, àwọn kan ń pẹja, òun ní tòun ń di ọta ìbọn ìléwọ́ fúnra òun, òun á sì lọ yìn ín ní pápá ìyìnbọn tó wà lẹ́yìn ìlú Katy. Fúnmi á wò ó títí, á mú kọ́kọ́rọ́ mọ́tò, á gba ibi iṣẹ́ nọ́ọ̀sì rẹ̀ lọ. Ó ní aláìsàn tó ń dúró dè é, kò ráyè fún ẹni tí ara rẹ̀ le tó ń ṣe bí aláìsàn.

Òtítọ́ ibẹ̀ ni pé Olúṣínà kì í dá wà nínú gáréèjì náà. Ilé tuntun ni ilé wọn ní Cinco Ranch, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Houston ní Amẹ́ríkà, iyanrìn àti koríko ló wà níbẹ̀ kí wọ́n tó kọ́ ọ, kò sí òkú ẹnì kankan lábẹ́ rẹ̀. Síbẹ̀, bó bá ti jókòó ti tábìlì, tó fa òṣùwọ̀n kékeré mọ́ra, tó bẹ̀rẹ̀ sí í wọn ẹ̀tù, ẹnì kan á wá dúró sẹ́yìn èjìká òsì rẹ̀. Òórùn tábà àti ti irin tí wọ́n fi epo nù ni yóò kọ́kọ́ dé. Lẹ́yìn náà ni mímí, mímí ẹni tó ti ọ̀nà jíjìn rìn bọ̀. Olúṣínà mọ ẹni náà, kì í sì í wẹ̀yìn. Kò sọ fún Fúnmi, torí bí Fúnmi bá gbọ́ pẹ́nrẹ́n, pásítọ̀ á ti dé kí ìrẹsì tó jinná, wọn á sì fi òróró ra gbogbo ara ògiri.

Ọdẹ ni bàbá Olúṣínà ní Ìgànná. Ọmọ kékeré ni Olúṣínà lọ́jọ́ tí ṣakabùlà bú mọ́ bàbá náà lójú nínú oko àgbàdo. Ó wà nílé tó ń pa ẹ̀pà, ó sì gbọ́ ọ. Ó mọ ìró ìbọn bàbá rẹ̀ bí èèyàn ṣe ń mọ ohùn ará ilé ẹni, ṣùgbọ́n ohùn tó dún lọ́jọ́ náà kì í ṣe ohùn ìbọn wọn. Ó ga jù, ó sì gé kúrú, àwọn ewúrẹ́ sì dá jíjẹ dúró. Títí dòní, bí táyà tírélà bá bẹ́ lójú ọ̀nà márosẹ̀ nígbà tó ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀, á tẹ bíréèkì kó tó rántí ibi tó wà.

Ta ló pa ọdẹ? Ìdáhùn kò pẹ́ lẹ́nu àwọn ará Ìgànná rárá. Lọ́jọ́ tó ṣáájú ni ọdẹ àti àbúrò rẹ̀, Àkànmú, fa ọ̀rọ̀ ilẹ̀ oko ní gbangba, Àkànmú sì fi ìbínú sọ pé ẹni tó gbin àgbàdo sórí ilẹ̀ náà kò ní jẹ ẹ́. Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ? Wọ́n ní Àkànmú fi ẹnu ba ìbọn jẹ́. Wọn kò jẹ́ kó súnmọ́ òkú ẹ̀gbọ́n rẹ̀, wọ́n lé e kúrò ní agboolé, ìyàwó tó fẹ́ sọ́nà sì bá ẹlòmíràn lọ. Láti ọjọ́ náà, Màmá Olúṣínà kò bá a sọ̀rọ̀ mọ́, tí wọ́n bá sì dárúkọ rẹ̀, bí ẹni ń dárúkọ àrùn ni.

Àkànmú ti darúgbó báyìí. Yàrá kan ló ń gbé lẹ́bàá ìlú, ojú rẹ̀ ti ń fọ́, Nímọ́tà ọmọ àbúrò wọn obìnrin ló ń bá a gbé oúnjẹ. Nímọ́tà pe Olúṣínà lórí fóònù nígbà Àjíǹde. Ó ní ẹ̀bẹ̀ kan ṣoṣo ni bàbá arúgbó náà ní, pé kí ìyàwó ẹ̀gbọ́n òun kí òun kí òun tó kú. Olúṣínà jíṣẹ́ náà fún Màmá.

"Kó lọ kí ẹni tó pa," ni Màmá wí, wọ́n sì ń bá ẹ̀fọ́ tí wọ́n ń rẹ́ lọ.

Ìdí tí Olúṣínà fi ń di ọta gan-an nìyí. Ẹnjiníà ni, iṣẹ́ páìpù epo ló ń ṣe nílé iṣẹ́ kan ní àdúgbò Energy Corridor, ó sì mọ̀ pé irin kì í gbọ́ èpè. Ohun kan ló ń mú irin bú. Bí òun bá mọ ohun náà, òun á mọ̀ bóyá Àkànmú ló pa bàbá òun, tàbí wọ́n kàn sin èèyàn láàyè lásán. Ó ti kọ́ gbogbo ọ̀nà tí ẹni tó ń di ọta fi lè ṣèṣì. Ẹ̀tù lè pọ̀ jù, bí ọkàn èèyàn kò bá sí nídìí iṣẹ́ tó sì dà á lẹ́ẹ̀mejì sínú èèpo ọta kan náà. Ó sì lè kéré jù, kí ọta há sínú ọ̀pá ìbọn, kí òmíràn wá gbá a nídìí. Ìwọ̀n ẹ̀tù tó yẹ ọta fífúyẹ́ lè ṣe ìbọn léṣe bí èèyàn bá fi sábẹ́ ọta tó wúwo. Ó yẹ gbogbo wọn wò, kò sí èyí tó bá bàbá rẹ̀ mu. Ọdẹ náà kì í da ẹ̀tù láì fi ìdérí ìgò kan báyìí wọ̀n ọ́n. Ìbọn méjì ló ní, ṣakabùlà àti ìbọn kátíríìjì tó máa ń di ọta rẹ̀ fúnra rẹ̀, agolo ẹ̀tù méjèèjì sì wà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹni tó ṣọ́ra tó báyìí, kí ló pa á? Ìbéèrè yìí ni ẹni ẹ̀yìn èjìká máa ń gbé wá.

Lọ́jọ́ Sátidé tí ọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀, Fúnmi ti lọ síbi iṣẹ́, Màmá sì wà nínú ilé pẹ̀lú Ìtẹ́olúwa, ọmọ tuntun tí wọ́n torí ẹ̀ wá láti Nàìjíríà. Olúṣínà to àwọn èèyo ọta oníwúwo kan náà sórí tábìlì, ó ṣí ìwé ìlànà sójú ewé tó bá wọn mu, ó lọ síbi kọ́bọ́ọ̀dù láti mú ike ẹ̀tù kan. Òfin tirẹ̀ ni pé ike kan ṣoṣo ló gbọ́dọ̀ wà lórí tábìlì, èkejì kò gbọ́dọ̀ jáde síta títí iṣẹ́ yóò fi parí.

Ó gbé ike náà, ọwọ́ rẹ̀ sì wálẹ̀. Ó wúwo jù. Ike tó kù sí ìdajì lọ́sẹ̀ tó kọjá ti kún dé ọrùn. Ó wo ibi tí èkejì máa ń wà, kò bá a. Ó tú díẹ̀ sórí bébà funfun, ó fi iná tọ́ọ̀ṣì sí i, ó sì rí i pé hóró ibẹ̀ kò jọra. Àwọn kan pẹlẹbẹ, àwọn kan rí roboto bí ọkà bàbà. Mímí ẹ̀yìn èjìká rẹ̀ dá dúró.

"Màmá," ó pè, "ẹ jọ̀ọ́, ta ló fọwọ́ kan kọ́bọ́ọ̀dù yìí?"

Màmá yọ lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, ọmọ wà lẹ́yìn wọn. "Èmi ni. Mo tún un ṣe lánàá nígbà tí ọmọ sùn. Èruku ibẹ̀ tó ohun tí wọ́n lè gbin iṣu sí."

"Ike méjì ló wà níbẹ̀, Màmá."

"Ìdajì ìdajì ni wọ́n, wọ́n kàn ń gba ààyè. Mo da ọ̀kan sínú èkejì. Mo fọ èyí tó ṣófo mọ́ tónítóní, ẹ̀gúsí mi ló wà nínú ẹ̀."

Kò sí ike tí Màmá lè jù nù láyé yìí. Láti ìgbà tí wọ́n ti dé, èèyàn kò lè ṣí ike áísìkirimù nínú ilé náà kó bá áísìkirimù níbẹ̀, àfi ọbẹ̀ ata tàbí ẹ̀wà sísè. Olúṣínà wọ ilé ìdáná, ó rí ike ẹ̀tù rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ iyọ̀, ó gbé e, ó da ẹ̀gúsí náà sínú garawa ìdọ̀tí. Màmá tẹ̀ lé e padà sí gáréèjì, wọ́n ń bínú gidigidi.

"Ẹ̀gúsí tí mo fọwọ́ ara mi bó. Ẹ̀gúsí tó la àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù kọjá. Kí ni mo fi ṣe ọ́, Ṣínà?"

"Màmá, ẹ má bínú, májèlé ni ohun tó wà nínú ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹ̀tù méjèèjì yẹn, wọn kì í ṣe mate ara wọn. Ọ̀kan ń yára jó, ìkejì ń rọra jó. Ọ̀tọ̀ ni measurement ti kálukú wọn, ọ̀tọ̀ ni ti ọta kálukú. Tí wọ́n bá ti pàdé báyìí, kò sẹ́ni tó mọ ohun tí wọ́n máa ṣe. Ìbọn lè bú mọ́ mi lójú."

Màmá rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin àti ìwé yín. Ẹ̀tù kì í ṣe ẹ̀tù ni? Ṣebí bí mo ṣe ṣe é fún bàbá rẹ náà nìyẹn. Òjò ń jò sórí pẹpẹ, ìdí agolo kan ti dípẹtà, mo bá da ẹ̀tù kátíríìjì mọ́ ẹ̀tù ilé tí wọ́n fi ń ki ṣakabùlà, mo gbé e síbi tó gbẹ. Bàbá rẹ ò tiẹ̀ mọ̀. Òkùnkùn ìdájí ni wọ́n máa ń ki ìbọn, ìgbà wo ni wọ́n fẹ́ ráyè wo inú agolo?"

"Ìgbà wo nìyẹn, Màmá?" ni Olúṣínà bèèrè.

"Òjò tó rọ̀ nígbà tí àgbàdo ń yọmọ," ni Màmá wí. "Ọdún tí..."

Olúṣínà bojú wẹ̀yìn, ìgbà àkọ́kọ́ tí yóò ṣe bẹ́ẹ̀ nìyẹn. Ògiri ló rí, àti kẹ̀kẹ́ ọmọdé tí wọn kò tíì tò pọ̀. Ohun tó ti ń wá láti ọjọ́ yìí ló dé sí iwájú rẹ̀ yìí, ẹ̀rù sì bà á ju ìgbà tí kò mọ nǹkan kan lọ. Ẹ̀tù kátíríìjì nínú ṣakabùlà, agbára rẹ̀ ju ti ẹ̀tù ilé lọ jìnnà, kò sí irin abúlé kan tó lè gbà á. Àkànmú kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Obìnrin tó dúró níwájú rẹ̀ tó pọn ọmọ rẹ̀ sẹ́yìn yìí, tó fi iṣẹ́ oko àti àìsùn tọ́ ọ dé yunifásítì, ló da ẹ̀tù náà pọ̀, nítorí kí nǹkan ọkọ wọn má bàa bàjẹ́ lásán. Àánú wọn ṣe é.

"Ṣínà," ni Màmá wí, ohùn wọn ti lọ sílẹ̀, "ṣé ohun tó ṣe bàbá rẹ nìyẹn?"

"Rárá o, Màmá. Ẹ̀tù ilé yàtọ̀. Ti òyìnbó yìí nìkan ló máa ń ṣe bẹ́ẹ̀."

Màmá wò ó. "Ẹsẹ̀ ara rẹ lò ń wò. Láti kékeré, tí o bá ti fẹ́ purọ́ fún mi, ẹsẹ̀ rẹ lo máa ń wò."

Màmá tú ọ̀já, wọ́n gbé ọmọ lé Olúṣínà lọ́wọ́, wọ́n tún ìró wọn ró dáadáa bí ẹni tó fẹ́ lọ sóde.

"Bá mi pe Àkànmú."

"Màmá, ẹ jẹ́ kó di ọ̀la. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ jókòó sọ ọ́."

"Ọ̀la wo? Ojú rẹ̀ ń fọ́ lọ, ara ń rẹ̀ ẹ́. Pè é, mo ní."

Ọ̀sán gangan ni ní Houston, ìrọ̀lẹ́ ni ní Ìgànná. Nímọ́tà gbé fóònù, Olúṣínà sọ ohun tó fẹ́, ó sì gbọ́ tó ń rìn, tó ń ṣílẹ̀kùn, tó ń sọ fún ẹnì kan pé kó gbé e sétí dáadáa.

"Ta nìyẹn?" ni ohùn arúgbó kan wí.

Màmá di fóònù mú lọ́wọ́ méjèèjì. Wọ́n kúnlẹ̀, orúnkún méjèèjì lórí sìmẹ́ǹtì gáréèjì, láàárín mọ́tò àti tábìlì ẹ̀tù, bí ìyàwó ilé ṣe ń kúnlẹ̀ kí àbúrò ọkọ láàárọ̀.

"Èmi ìyàwó yín ni, ọkọ mi. Mo kúnlẹ̀."

Àkànmú ní, "Ìyàwó wa, dìde. Ilẹ̀ tútù."

"N kò ní dìde," ni Màmá wí. "Ẹ̀yin kọ́ lẹ pa á."