Sípíkà Sewanu, Ẹ́ńjìnnì Mọ̀dínátù

Ohùn méjì ni Sùlàímọ́nù ní, ìyàwó rẹ̀ nìkan ló sì mọ ìkejì. Ti àkọ́kọ́, gbogbo ìlú Apá ló mọ̀ ọ́n: ohùn ládánì tó ń ti orí àtẹ̀gùn mọ́ṣáláṣí pe ìrun, tí àwọn apẹja tó wà lójú ọ̀sà fi ń mọ̀ pé ilẹ̀ ti ń mọ́. Ìkejì jẹ́ ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ tó fi ń jí Mọ̀dínátù kó tó lọ jí àwọn tó kù. Á bẹ̀rẹ̀ sí i létí, á ní, "Àbẹ̀kẹ́, dìde o, ìwọ ni n ó kọ́kọ́ pè kí n tó pe ará ìlú." Tó bá padà dé, ohùn yẹn náà ni yóò fi máa ròyìn títí wọn á fi mu ẹ̀kọ tán: ẹni tó sùn lọ níbi tó ti forí kanlẹ̀, ẹni tó wọ bàtà ẹlòmíràn lọ sílé, ewúrẹ́ lèmọ́ọ̀mù tó wá dúró sí ẹsẹ̀ ìrun. Láídé, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, ti wà nílé ọkọ ní Ijanikin. Ọ̀rọ̀ Sùlàímọ́nù ló kù tó ń kún ilé.

Ohùn ti ìta yìí ló wá ń kú lọ. Ikọ́ kan ló mú un nígbà ọyẹ́. Nígbà tí ikọ́ yóò fi lọ, ó ti kó ohùn dání. Bó bá ké, á há. Ìwọ̀nba tó bá sì jáde, atẹ́gùn òkun á gbà á lẹ́nu rẹ̀. Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í pẹ́ dé ìrun, wọ́n ní àwọn ò gbọ́. Ni àwọn àgbà mọ́ṣáláṣí bá wá kí i. Wọ́n yìn ín títí, wọ́n yìn ín bí ìgbà tí wọ́n ń yin òkú, kí wọ́n tó wá sọ ọ́ jáde pé bí ààwẹ̀ bá ti wọlé, ẹlòmíràn ni yóò máa pe ìrun. Sùlàímọ́nù dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Nígbà tí wọ́n lọ tán, ó wo ìyàwó rẹ̀.

"Mọ̀dí, kí ni mo wá dúró ṣe láyé?"

Mọ̀dínátù gbé ife àgbo lé e lọ́wọ́. Àánú rẹ̀ ṣe é dọ́kàn. Ó sì ti rẹ òun náà: àgbo tó ń sè, oyin tó ń wá kiri, àyà tó ń fi òróró pa fún ọkọ láàárọ̀ lálẹ́. Kò sí èyí tí kò tíì ṣe. Ìgbà náà ló rántí ẹ́ńjìnnì tó wà lábẹ́ ibùsùn.

Dúrósinmí, bàbá Mọ̀dínátù, ṣe kúkù fún òyìnbó kan tó ń ra àgbọn gbígbẹ. Nígbà tí òyìnbó ń padà sí ìlú rẹ̀, ó fi rédíógíráàmù rẹ̀ ta bàbá lọ́rẹ, àpótí igi ńlá tí bátìrì mọ́tò ń mú kọrin. Ìyàwó méjì ni bàbá fi sílẹ̀ nígbà tó kú: ìyá Mọ̀dínátù àti ìyá Sewanu, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin. Ìyá Sewanu jẹ́ Ègùn, ó sì ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì; ìyá Mọ̀dínátù jẹ́ Àwórì, ó ń kírun. Ilé méjèèjì ló fẹ́ rédíógíráàmù. Àwọn mọ̀lẹ́bí jà lé e lórí láti àárọ̀ dalẹ́, nígbà tó sú wọn, wọ́n ní ìdí-igi làwọn yóò fi pín in bí àwọn ṣe pín oko, ìlàjì fún ilé kọ̀ọ̀kan. Wọ́n bá tú u. Ilé Sewanu gbé àpótí àti sípíkà. Ilé Mọ̀dínátù gbé ẹ́ńjìnnì, irin pẹlẹbẹ kan tí wọ́n to àwọn gíláàsì tí wọ́n ń pè ní fáàfù lé lórí. Àwọn àgbà rọra rìn lọ sílé, inú wọn dùn pé àwọn kò ṣègbè. Láti ọjọ́ náà kò sí ẹni tó gbọ́ orin, Sewanu kò sì bá àbúrò rẹ̀ sọ̀rọ̀ mọ́. Bẹ́ẹ̀, nígbà tí wọ́n wà lọ́mọdé, "nọvi" ló máa ń pè é, bí àwọn ará ilé ìyá rẹ̀ ti ń pe ọmọ ìyá wọn.

Mọ̀dínátù fi ìró wé ẹ́ńjìnnì, ó rù ú lọ sí Mowo, sọ́dọ̀ Gbádéyan tó kọ́ iṣẹ́ rédíò lọ́wọ́ àwọn sójà nígbà ogun Bọ́mà. Iyanrìn ojú ọ̀nà ń fà á lẹ́sẹ̀. Gbádéyan tú ìró, ó fẹ́ eruku, aáyán sá jáde.

"Ẹ bá mi sọ ọ́ di ohun tí yóò máa gbé ohùn ọkọ mi jáde," Mọ̀dínátù ní. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀gbọ́n."

Gbádéyan yẹ̀ ẹ́ wò síwá sẹ́yìn. "Iyọ̀ òkun ti jẹ wáyà rẹ̀. Ìyẹn kò le. Mo ní fáàfù tí n ó fi rọ́pò èyí tó kú. Sípíkà rẹ̀ dà?"

"Ẹ bá mi fi òmíràn sí i."

"Kò gba òmíràn, ìyá Láídé. Sípíkà ayé àtijọ́ yìí ní wáyà gbọọrọ kan tí wọ́n wé sí ìdí rẹ̀. Inú wáyà yẹn ni iná ń gbà kó tó dé ọ̀dọ̀ àwọn fáàfù. Èyí tí wọ́n jọ ṣe náà nìkan ló lè jí i." Ó mi orí. "Ta ló tiẹ̀ ní kí wọ́n yà wọ́n?"

"Àwọn àgbà ni," Mọ̀dínátù dáhùn.

Mọ̀dínátù bá Sewanu níwájú ilé rẹ̀, níbi tó ti ń tún àwọ̀n ṣe. Ó kúnlẹ̀, ó ro ohun tó gbé e wá. Sewanu kò gbójú sókè.

"Deborah," ó pe ìyàwó rẹ̀ tó dúró lẹ́nu ọ̀nà, "bá mi sọ fún àlejò rẹ pé ìpín ìyá mi ni sípíkà yẹn."

"Ó ń gbọ́ yín," Deborah ní.

"Sọ fún un. Sọ fún un pé ìyá mi kò kírun rí láyé rẹ̀. Ẹrù rẹ̀ kò ní bá ẹnikẹ́ni pe ìrun."

Láti ibi tí Mọ̀dínátù kúnlẹ̀ sí, ó ń wo inú pálọ̀. Adìyẹ sàba sínú àpótí rédíógíráàmù bàbá wọn. Sípíkà ni wọ́n fi kọ́ ara ògiri, wọ́n nù ún mọ́ fínnífínní. Ó ti to ọ̀rọ̀ púpọ̀ sílẹ̀ láti ilé, gbogbo rẹ̀ wá fò lọ. Ó bá jókòó sínú iyanrìn.

"Bọ̀dá, ó ti rẹ̀ mí," ó ní. "N kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ó kàn ti rẹ̀ mí ni."

Sewanu ń so àwọ̀n rẹ̀ lọ. Kò tilẹ̀ rán Deborah sí i mọ́. Mọ̀dínátù dìde, ó gbọn iyanrìn aṣọ rẹ̀ nù, ó lọ sílé.

Ní ọjọ́ kejì, nígbà tó dé ṣọ́ọ̀bù Gbádéyan láti lọ gbé irin rẹ̀, Sewanu ló bá lórí bẹ́ńṣì, sípíkà wà lórí itan rẹ̀. Gbádéyan ló kọjú sí, kì í ṣe Mọ̀dínátù, ó ní, "Ìpín ìyá mi ni. Ibikíbi tó bá ń lọ, èmi náà ń bá a lọ. Tí wọ́n bá ti ṣe tán, mò ń gbé e padà sílé mi."

Kòkòrò ti jẹ ihò sára bébà sípíkà. Gbádéyan fi ògì gbígbóná lẹ bébà míràn mọ́ ọn. Ó já àwọn wáyà tó ti dípẹtà, ó fi òjé jó tuntun mọ́ ojú wọn. Etí tẹlifóònù àwọn sójà ló sọ di ohun tí ládánì yóò máa sọ̀rọ̀ sí. Nígbà tó so bátìrì mọ́ ọn, àwọn fáàfù pọ́n díẹ̀díẹ̀. Ó fi ìka kan orí fáàfù tó ṣáájú láti dán an wò, sípíkà sì bú ramúramù lórí itan Sewanu. Sewanu fò dìde, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kó bọ́. Tẹ̀gbọ́n tàbúrò wo ara wọn. Ó pẹ́ díẹ̀ kí Sewanu tó rántí pé òun kì í wò ó.

Ní Jímọ́ọ̀ tó ṣáájú ààwẹ̀, wọ́n so sípíkà mọ́ ojú fèrèsé mọ́ṣáláṣí. Sewanu jókòó sábẹ́ rẹ̀ níta, fìlà rẹ̀ lórí orúnkún, ó ń ṣọ́ ìpín ìyá rẹ̀. Sùlàímọ́nù gba etí tẹlifóònù lọ́wọ́ Gbádéyan, ó fi gbogbo agbára tó kù fún un ké. Sípíkà gbó bí ajá. Àwọn tó wà níta rẹ́rìn-ín, òógùn bo ládánì.

"Bàbá, ẹ má pariwo mọ́," Gbádéyan ní. "Iṣẹ́ ẹ́ńjìnnì ni ariwo. Ẹ̀yin ẹ sọ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, bí ẹni ń bá ará ilé rẹ̀ sọ̀rọ̀."

Sùlàímọ́nù dijú. Ohùn kejì ló jáde.

Mọ̀dínátù wà láàárín àwọn obìnrin. Ohùn tó ń jí i ní ìdájí ló gba orí ògiri kọjá, ó gba àárín ilé kọjá, ó dé etí ọ̀sà, àwọn tó ń wa ọkọ̀ sì dáwọ́ àjẹ̀ dúró. Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín mọ́. Obìnrin kan fi ìgbọ̀nwọ́ gbún un.

"Ìyá Láídé, ohun tí ìwọ nìkan ń dá gbọ́ láti ọjọ́ yìí nìyí?"

Ojú tì í bí ẹni tí wọ́n ká mọ́ balùwẹ̀. Inú rẹ̀ sì dùn débi pé omi bọ́ lójú rẹ̀. Àwọn àgbà kò mẹ́nu ba ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn mọ́; Sùlàímọ́nù ni ládánì.

Ní ìdájí ọjọ́ kejì, ọwọ́ ni Sùlàímọ́nù fi kan ìyàwó rẹ̀ léjìká. Mọ̀dínátù dìde, ó ń retí "Àbẹ̀kẹ́". Ọkọ rẹ̀ ti wé aṣọ mọ́ ọ̀fun, ó ti ń jáde lọ. Nígbà tó padà dé, Mọ̀dínátù gbé ẹ̀kọ síwájú rẹ̀.

"Bàbá Láídé, ta ló sùn lónìí? Ewúrẹ́ lèmọ́ọ̀mù ńkọ́?"

Sùlàímọ́nù rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó nàka sí ọ̀fun rẹ̀, ó mi orí. Ohùn tó kù kò pọ̀, ó ń tọ́jú rẹ̀ de ìrun. Ó nawọ́ sí omi, Mọ̀dínátù sì bu omi fún un. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe lọ́jọ́ náà, bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ń ṣe lọ.

Òun ló rìn dé Mowo. Òun ló kúnlẹ̀ níwájú Sewanu. Ohun tó bẹ̀bẹ̀ fún náà ló rí gbà; nígbà tí ilé wá dákẹ́ mọ́ ọn, ta ni yóò rojọ́ fún? Kò lè bínú sí ọkọ tó tún ti ń gbé orí sókè rìn. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó kó abọ́ lọ sẹ́yìnkùlé, ó ń fọ èyí tó ti mọ́.

Sewanu ń kọjá lọ, sípíkà lórí rẹ̀, ó ń gbé e lọ sùn sílé bó ti máa ń ṣe lójoojúmọ́. Kì í dúró. Lọ́tẹ̀ yìí ó dúró, ó sọ sípíkà kalẹ̀ rọra. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. Deborah kò sí níbẹ̀ tí yóò rán níṣẹ́.

"Nọvi," ó ní, "o ti jẹun?"

Mọ̀dínátù la ẹnu láti dáhùn, ẹkún ló jáde. Sùlàímọ́nù gbọ́ ọ nínú yàrá, ó sáré jáde, ó sì dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò wọ́n, ọwọ́ rẹ̀ wà lọ́fun.