Ìbọn Marzahn àti Ìbọn Hamburg

"Tún un wọ̀n," ni Nùrúdíìnì wí láti inú fóònù.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti wọ̀n ọ́n."

"Ṣé téèpù lo fi wọ̀n ọ́n, àbí ojú?"

"Téèpù ni, ẹ̀gbọ́n. Ó ṣì wà lọ́wọ́ mi."

"Tún un wọ̀n."

Jẹ̀lílì gbé fóònù lé orí tábìlì, ó sì na téèpù lé ọ̀pá ìbọn náà ní ìgbà kẹrin. Sẹ̀ǹtímítà mọ́kànlélọ́gọ́rin ni, gẹ́gẹ́ bó ṣe wà ní ìgbà mẹ́ta àkọ́kọ́. Julian, ọ̀dọ́mọkùnrin Jámánì tó ni ṣọ́ọ̀bù ohun àtijọ́ yìí ní St. Georg, nítòsí ibùdókọ̀ ojú irin ńlá ti Hamburg, ń wo aago ara ògiri. Ó ti sọ fún Jẹ̀lílì àti ọmọ rẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n wọlé pé ẹlòmíràn ń bọ̀ wá wo ìbọn náà ní aago méjì. Bí wọn kò bá tíì pinnu nígbà náà, ẹni yẹn ni yóò gbé e lọ. Aago méjì ku ogún ìṣẹ́jú.

Ọmọ ọdẹ ni Jẹ̀lílì àti Nùrúdíìnì ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Láàárín ọgbọ̀n ọdún tí wọ́n ti ń gbé Berlin, wọ́n ti kó ìbọn àtijọ́ márùn-ún jọ, gbogbo rẹ̀ jẹ́ irú èyí tí òfin fàyè gbà. Ní ọjọ́ Sátidé, ẹgbẹ́ wọn yóò ṣí ìpàtẹ àwọn ìbọn náà ní gbọ̀ngàn kan ní àdúgbò Wedding, ní Berlin. Àyè ìbọn kan ṣoṣo ló ṣẹ́ kù lára ògiri, ìbọn méjì ló sì ń du ú. Ọ̀kan ni èyí tó wà níwájú Jẹ̀lílì, tí wọ́n gé ìlà yíyí sínú ihò ọ̀pá rẹ̀ kí ọta lè lọ tààrà. Èkejì wà ní Marzahn, àdúgbò kan ní Berlin, ní àjà kẹsàn-án ilé gogoro kan, lọ́wọ́ bàbá Jámánì kan tó ní bàbá bàbá òun ló ni ín.

Ti Marzahn ni Nùrúdíìnì fẹ́. Ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́, ṣùgbọ́n ó ti fi ọwọ́ pa ìbọn náà láti orí dé ìdí, ó sì ní bí ìbọn bàbá àwọn ṣe rí gan-an nìyẹn. Láti ọjọ́ náà ni kò ti sí ẹni tí kò sọ fún ní mọ́ṣáláṣí.

Ohun tí kò mọ̀ ni pé Jẹ̀lílì padà lọ sí Marzahn ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Jẹ̀lílì ló ń kọ káàdì tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ abẹ́ ìbọn kọ̀ọ̀kan. Ìwé mẹ́fà péré ló kà, nítorí náà ó máa ń yẹ ohun gbogbo wò lẹ́ẹ̀mejì, kí ọmọ ilé ìwé gíga kan má baà wá fi í rẹ́rìn-ín. Ó bẹ bàbá náà kí wọ́n jọ tú igi kúrò lára ọ̀pá ìbọn. Lábẹ́ ibẹ̀, níbi tí ojú kò ti lè tó o, wọ́n ti tẹ nọ́ńbà mẹ́rin sára irin: 1974. Ẹnu ya bàbá náà pàápàá. Jẹ̀lílì fi ọdún mẹ́jọ ju ìbọn náà lọ.

Láti ìgbà náà ló ti ń wá ọ̀nà tí yóò gbà sọ ọ́. Ó ní ìbọn náà mà dán jù. Ẹ̀gbọ́n ní wọ́n tọ́jú ẹ̀ ni. Ó ní àwọn èèyàn máa ń ṣe àfarawé nǹkan àtijọ́ láyé ìsinsìnyí. Ẹ̀gbọ́n ní òótọ́ ni, ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí wọ́n tètè gbé ojúlówó kó tó bọ́. Ó wá lọ bá Ṣẹ̀fíátù, ìyàwó ẹ̀gbọ́n, pé kó bá òun là á yé wọn. Obìnrin náà ń bó ẹ̀pà, kò tiẹ̀ gbójú sókè. "Ẹ yọ tèmi kúrò. Ẹ̀yin lẹ jọ mu ọmú kan."

Jẹ̀lílì gbé fóònù padà sétí. "Mọ́kànlélọ́gọ́rin ni, ẹ̀gbọ́n."

"Ó kúrú."

"Ti Marzahn ló kúrú jù. Ẹ̀yin lẹ ní kí n kọ gígùn rẹ̀ sílẹ̀."

"Ó dáa, èmi ni mo kúrú."

"Ẹ̀gbọ́n, mi ò sọ bẹ́ẹ̀."

"Ohun tó bá wù ẹ́ ni kó o ṣe," ni Nùrúdíìnì wí, ó sì pa fóònù.

Dérìnsọ́lá, ọmọ Jẹ̀lílì obìnrin tí wọ́n bí sí Berlin, jókòó lórí àpótí kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Ó gba ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́ lónìí nítorí àtibá bàbá rẹ̀ ka ìwé àdéhùn.

"Papa, kí ni Dádì àgbà sọ?"

"Wọ́n ní ohun tó bá wù mí ni kí n ṣe."

"Super. Ẹ ṣe é ká máa lọ."

"Wọn ò gbà ni."

Dérìnsọ́lá wò ó. "Ṣé wọ́n ní kí ẹ ṣe ohun tó wù yín àbí wọn ò sọ bẹ́ẹ̀?"

"Wọ́n sọ bẹ́ẹ̀. Bí àgbà bá ti lè sọ bẹ́ẹ̀, ó ti bínú nìyẹn."

"Tí wọ́n bá wá gbà, kí ni wọ́n máa sọ?"

Jẹ̀lílì ronú sí i. "Mi ò tíì gbọ́ ọ rí."

Ọmọ náà fi ọwọ́ méjèèjì bojú. Julian béèrè bóyá ìṣòro wà. "Familie," ni Dérìnsọ́lá dá a lóhùn, ọkùnrin náà sì mi orí bí ẹni tí òun náà ní ẹbí.

"Ẹ sọ 1974 yẹn fún wọn, Papa."

"Kí n la ẹnu sọ fún ẹ̀gbọ́n mi pé ó ṣi ìbọn mọ̀? Ọmọ ọdẹ?"

"Tí ẹ ò bá sọ ọ́, ẹnì kan á sọ ọ́ ní Sátidé. Àwọn tó mọ ìbọn ló ń bọ̀. Níwájú gbogbo èèyàn ni wọ́n á ti sọ ọ́."

Jẹ̀lílì rí i lójú ara rẹ̀: Nùrúdíìnì nínú agbádá funfun, ọwọ́ lórí ìbọn, àlejò kan tó ní kí wọ́n tú igi rẹ̀ wò. Láti kékeré, ẹ̀gbọ́n yìí ló yan iṣẹ́ fún un, òun ló bá a yan ilé tó ń gbé, òun ló sì sọ Dérìnsọ́lá lórúkọ. Kò sí ohun tí Jẹ̀lílì tíì ṣe tán kó tó wá sọ fún un.

Aago méjì ku ìṣẹ́jú márùn-ún. Ó fa Ausweis, káàdì ìdánimọ̀ rẹ̀, yọ, ó fi í sórí tábìlì. Ó fọwọ́ sí ìwé àdéhùn náà ní ibi mẹ́ta. Lẹ́yìn náà ló tó tẹ nọ́ńbà ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, mo ti fọwọ́ síwèé. Ti Hamburg ni."

Jẹ̀lílì kò dúró gba èsì.

"Ọdún 1974 ni wọ́n ṣe ti Marzahn. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ sábẹ́ ọ̀pá rẹ̀. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni mo ti rí i."

Ẹnì kan ń kí Nùrúdíìnì níbi tó wà, ó ní kó dúró ná.

"Ọjọ́ Ìṣẹ́gun," ló wí. "Alẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo sọ fún lèmọ́mù. O jókòó tì mí, o ń mu tíì."

"Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n. Ẹnu mi ò gbà á."

"Ó jọ ti Bàbá."

"Ó jọ ọ́ gan-an."

Julian ti ń di ìbọn náà sínú àpò, ó ń ṣe é pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

"Èyí tó wà lọ́wọ́ ẹ yẹn ńkọ́? Ta ló ni ín rí?"

"Mi ò mọ̀. Kò sẹ́ni tó mọ̀. Igi ìdí rẹ̀ sì sán, ó gùn tó ìka kan."

"Ó sán, o sì gbé e."

"Mo gbé e."

Nùrúdíìnì mí kanlẹ̀. "Gbé e wá sílé kó tó dé gbọ̀ngàn. Mo fẹ́ fọwọ́ kan ibi tó ti sán." Ohùn rẹ̀ wá rẹlẹ̀ sí i. "Lọ́la, lẹ́yìn Jímọ̀, mo máa lọ bá lèmọ́mù. Èmi ni màá fẹnu ara mi sọ ọ́. O máa dúró tì mí."

"Mo máa dúró, ẹ̀gbọ́n," ni Jẹ̀lílì wí.