Pákó Kan, Àna Mẹ́ta

Ọ̀gá àgbà ilé-ẹ̀kọ́ kan ti yàrá kọ̀ǹpútà mọ́ àwọn ọmọ kíláàsì karùn-ún láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, ó sì ju kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sínú àpò. Àwọn ọmọ tó mọ ìṣirò jù ní kíláàsì náà ni wọ́n ń kùnà ìbéèrè tó rọrùn jù: kí ni àpapọ̀ ìdajì àti ìdámẹ́rin? Ọ̀gá àgbà náà ní òun kò ní ṣí ilẹ̀kùn títí òun yóò fi mọ ohun kan: ṣé tíṣà wọn ló ní kí wọ́n máa kùnà? Bó bá jẹ́ òun ni, wọn yóò gba kíláàsì lọ́wọ́ rẹ̀, wọn yóò sì fi í sí ilé ìkàwé, níbi tí yóò ti máa nu eruku ara ìwé.

Tíṣà náà dáhùn pé òun kò sọ bẹ́ẹ̀ fún ọmọ kankan. Ohùn rẹ̀ kò gbọ̀n.

Ìgbà tí kọ̀ǹpútà dé ni ọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀. Ètò tí ọ̀gá àgbà là sílẹ̀ kò lọ́jú pọ̀. Àwọn ọmọ yóò kọ́kọ́ jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, wọn yóò ki íáfóònù bọ etí, ohùn kan yóò kọ́ wọn, yóò sì bi wọ́n ní ìbéèrè. Ẹni tó bá gbà á yóò máa bá ẹ̀kọ́ lọ níbẹ̀. Ẹni tó bá kùnà yóò sọdá ọ̀dẹ̀dẹ̀ wá sí kíláàsì, níbi tí tíṣà ti ń dúró dè é nídìí tábìlì gbọọrọ kan, pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì àti sùúrù, títí ohun tó rú u lójú yóò fi yé e.

Ètò náà ṣiṣẹ́. Máàkì àwọn ọmọ ń gòkè, kò sì sí ẹni tó lè jiyàn rẹ̀, tíṣà pàápàá kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kí kọ̀ǹpútà tó dé, òun ni gbogbo ojú ń wò. Ó mọ bí ojú ọmọ ṣe ń là nígbà tí ìṣirò bá yé e. Nítorí ìmọ́lẹ̀ yẹn ló ṣe ń jí lọ síbi iṣẹ́. Ní báyìí, yàrá kejì, yàrá kọ̀ǹpútà, ni ojú ti ń là. Àwọn tí wọ́n ń rán sí i ń wọlé pẹ̀lú ìtìjú, wọ́n ń wẹ̀yìn bí ẹni tí wọ́n lé kúrò níbi ìgbádùn. Ọkọ rẹ̀ kò fẹ́ ìyàwó lé e. Ibi iṣẹ́ ló ti pàdé orogún.

Ẹni tó ń bójú tó yàrá kejì náà ni àbúrò ọkọ rẹ̀. Tíṣà fúnra rẹ̀ ló bá obìnrin yìí bẹ ọ̀gá àgbà kí ó tó rí iṣẹ́ náà. Ní ilé-ẹ̀kọ́, tíṣà ni àgbà. Nílé, wọ́n ti bí àbúrò ọkọ kí ìyàwó tó wọlé, nítorí náà ìyàwó kì í pe orúkọ rẹ̀. Eyínfúnjowó ló ń pè é, nítorí eyín rẹ̀ tó funfun gbòò. Láti ìgbà tí kọ̀ǹpútà ti dé, eyín náà kò wọlé mọ́.

Lọ́jọ́ Ìsinmi kan, Eyínfúnjowó wá kí wọn. Ọkọ tíṣà, tó jẹ́ télọ̀, béèrè bí iṣẹ́ ṣe ń lọ, àbúrò rẹ̀ sì ròyìn títí omi inú ife rẹ̀ fi móoru. Ó ní àwọn ọmọ kì í fẹ́ dìde mọ́ bí agogo bá lù. Lẹ́yìn náà ló yíjú sí ìyàwó.

“Ìyàwó wa, tábìlì yín ti di ilé ìwòsàn. Aláìsàn nìkan là ń gbé wá bá yín.”

Télọ̀ rẹ́rìn-ín títí ó fi ń nu ojú. Ìyàwó rẹ̀ náà rẹ́rìn-ín, nítorí kò sí ohun mìíràn tí ènìyàn lè ṣe níwájú àna. Ṣùgbọ́n bí ó ti ń kó ife lọ sẹ́yìn, ohun tó ń sọ fún ara rẹ̀ ni pé ẹni tí wọ́n forí rẹ̀ fọ́ àgbọn kì í jẹ níbẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì ló bẹ̀rẹ̀ ìtàn náà nídìí tábìlì. Gbẹ́nàgbẹ́nà kan ní pákó kan ṣoṣo. Àna rẹ̀ mẹ́ta sì dé. Àkọ́kọ́ ní ìdajì pákó ni òun fẹ́. Èkejì ní ìdámẹ́ta. Ẹ̀kẹta, tí ìbínú rẹ̀ kì í pẹ́ dé, ní òun kò ní gba ohun tó dín sí ìdámẹ́rin. Tíṣà ń fi ohùn àna kọ̀ọ̀kan sọ̀rọ̀, ó ń fi ṣọ́ọ̀kì gé pákó lójú pátákó, àwọn tó wọlé pẹ̀lú ojú wíwú sì ń rẹ́rìn-ín débi pé àwọn tó wà nídìí kọ̀ǹpútà ń yọ íáfóònù létí láti fetí kọ́ ògiri. Níbi tí ọ̀rọ̀ bá ti dùn jù ló máa ń dá a dúró. Ẹni tí ìṣirò bá yé yóò padà sí yàrá kejì láìgbọ́ ìparí.

Nínú àwọn tó ń fetí kọ́ ògiri ni ọmọ Eyínfúnjowó, ọmọbìnrin tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. Aláròyé ni gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ ń pè é. Kò kùnà ìṣirò rí. Ó dá tíṣà dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó sì bi í ní ohun tí àna kẹta ṣe.

Ìyàwó ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ ni tíṣà yìí. Ó lè sọ ọ́ fún un kí ó sì máa lọ. Ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn yàrá kejì ṣí sílẹ̀, ẹ̀rín Eyínfúnjowó sì ń ti ibẹ̀ jáde.

“Ṣebí kọ̀ǹpútà yín mọ gbogbo nǹkan,” ni tíṣà wí. “Bi í. Bó bá sì jẹ́ ẹnu mi lo ti fẹ́ gbọ́ ọ, o mọ ohun tó ń gbé ọmọ dé tábìlì mi.”

Aláròyé sáré padà sí yàrá kejì.

Lọ́jọ́ kejì, Aláròyé kùnà àpapọ̀ ìdajì àti ìdámẹ́rin. Ó sọdá ọ̀dẹ̀dẹ̀, ojú rẹ̀ ń dán. Tíṣà wò ó, ó mọ̀, ó sì fa àga fún un. Inú rẹ̀ dùn, dídùn náà sì bà á lẹ́rù díẹ̀. Kò pẹ́ tí àwọn ọ̀rẹ́ ọmọ náà fi tẹ̀lé e. Tábìlì kún. Nínú yàrá kejì, àga ń ṣófo.

Eyínfúnjowó kọ́kọ́ rò pé kọ̀ǹpútà ló bàjẹ́. Ó yẹ wáyà wò, ó pe ẹni tó ń tún un ṣe, ẹni náà sì ní kò sóhun tó ṣe é. Nígbà náà ló wá kíyè sí i pé àwọn ọmọ ti ń tẹ èsì tí kò tọ̀nà kí ohùn inú íáfóònù tó ka ìbéèrè tán. Ó jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé kíláàsì. Ọmọ tirẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀ nínú.

“Ẹ gé e sí ọ̀nà méjìlá. Àna àkọ́kọ́ gba mẹ́fà, èkejì gba mẹ́rin, ẹ̀kẹta fẹ́ mẹ́ta. Mẹ́tàlá nìyẹn. Pákó náà kò tó.”

Ọmọ tó sọ èyí ni kọ̀ǹpútà ní kò mọ ìdajì. Eyínfúnjowó lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá àgbà. Lọ́jọ́ náà, eyín rẹ̀ kò hàn.

“Ọmọ mi mọ̀ ọ́n, Mà,” ni ó wí. “Ó kàn fi mí sílẹ̀ lọ bá tíṣà wọn ni.”

Ọ̀gá àgbà bi àwọn ọmọ náà léèrè lọ́kọ̀ọ̀kan. Gbogbo wọn ní tíṣà kò sọ nǹkan kan fún àwọn, pé Aláròyé ló fọ̀nà hàn wọ́n. Ó ku kí Aláròyé sọ ẹni tó fọ̀nà han òun. Ṣùgbọ́n láti Ọjọ́rú ni ọ̀fun ti ń dun ún, ohùn rẹ̀ sì ti há. Nọ́ọ̀sì ní kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ rárá, àwọn tó mọ̀ ọ́n sì ní ìjìyà tó ju àìsàn lọ nìyẹn. Ọ̀gá àgbà kò fẹ́ kó kọ èsì rẹ̀ sílẹ̀ nílé, níbi tí ìyá rẹ̀ yóò ti dúró tì í. Ó ní láti ẹnu rẹ̀ ni òun yóò ti gbọ́ ọ.

Ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́ Àbámẹ́ta, tíṣà àti ọkọ rẹ̀ lọ kí ọmọ náà, nítorí ẹjọ́ kò ní kí ìyàwó má kí aláìsàn ilé ọkọ. Télọ̀ dúró ní pálọ̀. Tíṣà jókòó sẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì. Aláròyé wò ó, ó sì na ìka mẹ́ta sókè.

Ó yé tíṣà pé àna kẹta ló ń béèrè. Eyínfúnjowó ti wà lẹ́nu ọ̀nà, ó fara ti férémù ilẹ̀kùn.

“Gbẹ́nàgbẹ́nà kò gé e sí méjìlá mọ́,” ni tíṣà wí. “Ọ̀nà mẹ́tàlá ló gé e sí. Ó fún àkọ́kọ́ ní mẹ́fà, èkejì ní mẹ́rin, ẹ̀kẹta ní mẹ́ta. Tẹnìkọ̀ọ̀kan dín díẹ̀ sí ohun tó fẹ́. Gbogbo wọn kùn, wọ́n sì gbé e lọ.”

Ọmọ náà rẹ́rìn-ín láìmú ohùn jáde. Ìyá rẹ̀ kò rẹ́rìn-ín.

“Ìyàwó wa,” ni Eyínfúnjowó wí jẹ́jẹ́, “ṣé ó ti bi yín ní èyí rí?”

Tíṣà tún aṣọ ìbora ọmọ náà ṣe, ó sì ní ilẹ̀ ti ń ṣú, kí àwọn máa lọ.

Ọ̀gá àgbà ti ní òun yóò fi ọ̀rọ̀ wá Aláròyé lẹ́nu wò lọ́jọ́ Ajé. Títí di ìgbà tí àlejò fi kúrò nílé náà, ohùn ọmọ náà kò tíì padà. Nọ́ọ̀sì ní ó ṣeé ṣe kó padà kí ọjọ́ Ajé tó dé, ṣùgbọ́n òun kò lè fi í dá ẹnikẹ́ni lójú.